Ẹ ṣọ́ra o! Wọ́n ta ìrìn àfẹ́ ààfin Seoul fún wa lọ́jọ́ tí ààfin kì í ṣí

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ kó má bàa ṣe ẹlòmíì. Tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ sí Gúúsù Kòríà, tí ẹnì kan wá ń fi Yorùbá dídùn bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp pé òun á mú yín wo ààfin àwọn ọba àtijọ́ láàárín ọjọ́ kan, pé tíkẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, mọ́tò àti oúnjẹ ọ̀sán ti wà nínú owó tẹ́ ẹ máa san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pé ọgọ́ta ọdún. Kò sí fíìmù ọba àti olorì àwọn ará Kòríà tí kò wò tán. Ohun tó ní ká fi ṣe ọjọ́ ìbí òun kò ju pé kí òun wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn yẹn, kí òun sì rìn nínú àgbàlá Gyeongbokgung, ààfin àwọn ọba wọn ní Seoul. Ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ló fún wa ní nọ́ńbà ọmọkùnrin yìí. Ọmọ Yorùbá ni, ó ní Seoul lòun ń gbé. "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ọmọ yín ni mí." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ohùn tó bá fi ránṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ ta ni? 150,000 won, owó àwọn ará Kòríà, ló gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ó ní tá a bá fi káàdì san án owó á lé sí i, ká kúkú san án sí àkáǹtì òun. A san án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló mú fún wa.

Nígbà tí ọjọ́ pé, òun fúnra rẹ̀ ò yọjú. Ará Kòríà kan tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tó nǹkan ló rán wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sí káàdì iṣẹ́ kankan lọ́rùn ọkùnrin náà. Ṣọ́ọ̀bù hanbok ló kọ́kọ́ mú wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mú yẹ̀rì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ọmọbìnrin ibẹ̀ bá a so rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ láyà, ó fi òdòdó kékeré há a nírun. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Bá a ṣe fẹ́ máa jáde ni onílé aṣọ na ọwọ́: owó dà? Wọn ò san nǹkan kan fún un! A tún san 25,000 won lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Amọ̀nà ní ọ̀gá òun á dá a padà fún wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì dá a padà.

Ó wá kó wa dé iwájú Gwanghwamun, ẹnu ọ̀nà ńlá Gyeongbokgung. Wọ́n ti tì í. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan, kò sí ìlù, kò sí àwọn tó ń wọ aṣọ ogun àtijọ́ tá a rí nínú fídíò tí ọmọkùnrin yẹn fi fà wá. Amọ̀nà ní ìjọba ló ṣàdédé fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi lónìí. Ìsinmi wo? Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ti Gyeongbokgung! Ààfin tí wọ́n kọ́ ní 1395, tí gbogbo ayé ń lọ wò, ta ló ń gbé Seoul tí kò mọ ọjọ́ tí kì í ṣí? Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Ẹ wo obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó múra bí olorì, tó dúró síwájú ilẹ̀kùn títì nínú oòrùn oṣù Kẹjọ. Amọ̀nà wá ní ká lọ ya fọ́tò nídìí ère Ọba Sejong, ọba tó gbé ìwé kíkọ wọn jáde ní 1446. Ère tó wà ní gbangba ojú títì, tí ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀ wò!

Mọ́tò tó ní ó máa gbé wa, a ò rí i. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Changdeokgung, ààfin míì, ẹ̀gbọ́n mi ń fọwọ́ ká yẹ̀rì sókè kó má bàa gbálẹ̀. Ibẹ̀ ṣí, torí ọjọ́ Ajé ni tiwọn máa ń tì. Ibẹ̀ náà lojú mi ti là sí ẹ̀tàn kejì: ẹni tó bá wọ hanbok, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ka owó rẹ̀ mọ́ wa lọ́rùn dà? Ẹni tí kò tiẹ̀ wọ hanbok, 3,000 won péré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbà nígbà tá a lọ. Mo ní ó dáa, ẹ mú wa wọ Huwon, ọgbà ìkọ̀kọ̀ àwọn ọba tó wà lẹ́yìn ààfin. Ìyẹn ló pariwo jù nígbà tó ń polówó. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni ti ọgbà yẹn, 5,000 won, ó ní àkókò, iye èèyàn tí wọ́n sì ń gbà ní ìdíwọ̀n, ó sàn kẹ́ ẹ ti gbà á sílẹ̀. Kò gba nǹkan kan sílẹ̀ fún wa. Ó ní ó ti kún. Kí ló fi owó wa ṣe láti ìgbà yẹn?

Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Ìrẹsì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, èyí tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta, ó ń tú ọ̀rá rẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n wá fi gbogbo ọ̀sán wa ṣòfò sí ni ilé ìtajà ginseng, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi dókítà bu omi ginseng fún wa, ó ń na ọwọ́ sí oríkèé ẹ̀gbọ́n mi pé èyí á wo orúnkún rẹ̀ sàn. Amọ̀nà kò kánjú mọ́ rárá. Kọmíṣàn rẹ̀ ló ń dúró dè. Kí n má parọ́, ẹ̀gbọ́n mi rà á. Àárẹ̀ ti mú un, ó fẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Nígbà tá a fi máa dé Bukchon, níbi tí àwọn ilé onípàákó àtijọ́ wà, aago márùn-ún ti kọjá. Èèyàn ló ń gbé inú ilé wọ̀nyẹn. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn 100,000 won lé àlejò tó bá rìn ní àdúgbò tí wọ́n ti fòfin dè é lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá wa padà. Amọ̀nà ní ká yọ́ gba ẹ̀yìn! Tí wọ́n bá mú wa, ta ni ì bá san án?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣé ẹ ò lè wo íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo wò ó! Ojú ìwé ọmọkùnrin yẹn kún fún "God bless you sir, we enjoyed ourselves". Mi ò mọ̀ bóyá òun ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí n ti béèrè ọjọ́ tí ààfin máa ń tì, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí lẹni tó ń gbowó amọ̀nà wá ń ṣe nígbà náà? Ní tèmi báyìí, gbogbo àwọn tó ń ta ìrìn àfẹ́ lórí fóònù, ìkan náà ni wọ́n, ẹ má sọ fún mi pé tiyín yàtọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń tì kẹ́ ẹ tó sanwó: Gyeongbokgung àti Jongmyo (ojúbọ àwọn ọba àtijọ́), ọjọ́ Ìṣẹ́gun; Changdeokgung àti Deoksugung (ààfin míì), ọjọ́ Ajé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà fúnra yín. Àwọn ààfin ní amọ̀nà tiwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gbowó míì. Amọ̀nà tó bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ so ó kọ́rùn. Káàdì ni kẹ́ ẹ fi san, kì í ṣe àkáǹtì ẹnì kan. Tí wọ́n bá ti rẹ́ yín jẹ, ẹ pe 1330, ti àwọn ìgbìmọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ Kòríà ni.

Ọmọkùnrin yẹn ti bú mi lóhùn, ó ti blọ́ọ̀kù mi. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìpolówó rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí mi, ó ti pààrọ̀ fọ́tò. Ìrìn àfẹ́ lọ sí ẹnu ibodè Àríwá Kòríà ló ń tà báyìí, láti wo ihò abẹ́ ilẹ̀ kẹta tí àwọn ará Àríwá gbẹ́ gba abẹ́ ibodè, tí wọ́n rí ní 1978. Ọjọ́ Ajé ló fi sí i, ọjọ́ Ajé gan-an ni ihò yẹn kì í sì í ṣí. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó tètè pe báǹkì rẹ̀ lónìí.