Mállàm tó ń tún gàárì ṣe ní Sábó, Ifẹ̀: iṣẹ́ ẹ̀ dáa gan-an

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gàárì àtijọ́ nílé, ẹ má gbé e sọnù o. Bàbá bàbá mi ló ni tiwa, nígbà tí wọ́n ṣì ń sá eré ẹṣin ní Race Course l'Ékòó, ibi tó ti di Tafawa Balewa Square báyìí, wọ́n ní ẹṣin kan tí wọ́n fi ń díje, dádì mi ṣì máa ń ki ẹṣin yẹn dòní bí ẹni ń ki ọmọ ẹ̀.

Mállàm yìí mọṣẹ́. Ó ń fi òòlu lu awọ yẹn díẹ̀díẹ̀, ó pa ìda sára òwú kó tó fi rán an, ẹ ò ní mọ ibi tó ti ya tẹ́lẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò fi awọ tó nípọn lẹ̀ ẹ́, torí gàárì eré sísá ò gbọ́dọ̀ wúwo, tí wọ́n bá fẹ́ wọn jọ́kì, ìyẹn ẹni tó ń gun ẹṣin eré, òun àti gàárì ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gun òṣùwọ̀n, mi ò tíì ṣàlàyé tán tó ní òun mọ̀, pé ilé ẹlẹ́ṣin lòun náà ti wá ní Katsina. Ara mi yá gágá!

Àlùkẹ́ḿbù ọwọ́ òsì, ìyẹn ibi tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, nìkan ni ò tẹ́ mi lọ́rùn, irin tuntun tó fi sí i ò bá tọ̀tún mu. Ó sì pẹ́ ju ọjọ́ tó dá lọ, ẹ máa pè é dáadáa. Owó ẹ̀ ò wọ́n. Tó bá jẹ́ Jímọ̀, ẹ tètè lọ láàárọ̀ kó tó lọ kírun.