Ìrẹsì ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n: alẹ́ kan ní ilé oúnjẹ Jàpáànù ní Àjàṣẹ́

Ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ jẹun ní ilé oúnjẹ Jàpáànù kan ní ìgboro Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun débẹ̀. Orin àti ẹ̀rín ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kí wa pé, “Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa,” ó sì fi wá jókòó níwájú pẹpẹ tí èèyàn ti lè máa wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe súṣì. Ìjókòó yẹn ni kí ẹ béèrè bí ẹ bá lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹja tí iná kò kàn ni wọ́n ń pè ní súṣì, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì gan-an ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ìrẹsì kúkúrú tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n po ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ nígbà tó ṣì gbóná, tí wọ́n sì jẹ́ kó rọlẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Ọ̀gá tó dúró níwájú wa fi omi ra ọwọ́, ó bu ìrẹsì tí kò tó òkèlè kan, ó rọra fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ ẹja tuna lé e, ó sì gbé e síwájú mi. Kò fọ́ lọ́wọ́, àfi ìgbà tó dénú ẹnu mi. Mo bi í bóyá mo lè fọwọ́ jẹ ẹ́, ó ní, “Ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́, mà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Jàpáànù ń ṣe. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jẹ́ ẹja ló kan omi sóyà, torí bí ìrẹsì bá mu ún, yóò tú.”

Mo tún bi í nípa ẹja náà, nítorí ooru ilẹ̀ wa. Ó ní ó ti lo ju ọjọ́ kan lọ nínú firísà tó tutù dé ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Ìdáhùn tó yẹ nìyẹn. Inú àbúrò mi dùn nígbà tó gbọ́ pé gari ni wọ́n ń pe atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, èyí tí a ń jẹ láàárín ẹja kan sí òmíràn kí ẹnu lè mọ́.

Edé díndín wọn, tempura, gbẹ, kò sì mu epo, bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agbada. Àwọn Potogí tó dé Jàpáànù ní 1543 ni wọ́n ní ó mú irú dídín bẹ́ẹ̀ dé ọ̀hún, àwọn Potogí kan náà tó sọ ìlú wa ní Porto-Novo.

Ní ti ọtí àmúlùmálà, sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe, ni wọ́n fi ṣe tèmi, pẹ̀lú atalẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin díẹ̀. Oyin náà dẹ̀ ẹ́ lójú, àmọ́ kò bo òórùn ẹmu ọ̀pẹ tó wà nídìí rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ gidigidi.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ni nǹkan yí padà. Èrò kún, orin ròkè débi pé mi ò gbọ́ ohun tí àbúrò mi ń sọ mọ́, àwo kejì tí a béèrè sì gba ogójì ìṣẹ́jú kó tó dé. Ìrẹsì inú rẹ̀ tutù, ó le bí èyí tó sùn mọ́jú, ewé òkun tí wọ́n fi wé e sì ti rọ̀ bí ìwé tí omi rin. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọn kò bá mi jiyàn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi rọ́pò kò yàtọ̀. Ó dùn mí, nítorí ọwọ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Olùrànlọ́wọ́ kan nídìí ìkòkò ìrẹsì ni wọ́n nílò, kì í ṣe orin tó tún ga sí i.

Owó àwa méjèèjì jẹ́ 21,500 fàráǹkì. Àbúrò mi ti ní kí a padà lọ ní Ọjọ́rú, láago méje, kí èrò tó dé, mo sì ti gbà fún un.