Ẹ́kò ọkàn tó ní strain l'Ókè-Ìlewò, Abẹ́òkúta: ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù yẹn, àtẹ̀gùn ló jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí wọ́n gbé ibi àyẹ̀wò ọkàn lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ò ní lift, kẹ́ni tí èémí ẹ̀ ò já gaara wá máa gun àtẹ̀gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ ibẹ̀ kó bá mi ní ínbọ́ọ̀sì, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Àǹtí wa ló ń gba kẹ́mò fún jẹjẹrẹ ọmú, doxorubicin, oògùn pupa yẹn. Ó ń bá jẹjẹrẹ jà lóòótọ́ àmọ́ ó lè ba iṣan ọkàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní ká ṣe ẹ́kò, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù, kó tó bẹ̀rẹ̀ ká sì tún máa ṣe é bó ṣe ń gbà á lọ, ó wá kọ ọ́ sórí bébà pé kí wọ́n bá wa wo GLS, ìyẹn strain tí mo kọ sókè yẹn. Ibì kan tá a kọ́kọ́ yà sí ní Kútọ̀ ní àwọn ń ṣe ẹ́kò o, kò sí wàhálà, a wá ní GLS ńkọ́, wọ́n ní EF náà ti tó.

Kò tó. EF ni ìdá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde látinú ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ apá òsì nígbàkígbà tó bá lù, tó bá ti ju 55 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ọ̀pọ̀ á ní ó dáa. Àmọ́ EF lè ṣì dáa lórí bébà nígbà tó ti ń rẹ iṣan ọkàn fúnra ẹ̀. Bíi rọ́bà yẹ̀rì ni, yẹ̀rì lè má tíì já bọ́ nídìí èèyàn, àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ fa rọ́bà ẹ̀ á ti mọ̀ pé ó ti ń dẹ̀. Strain ló ń fa rọ́bà yẹn wò. Àwòrán ẹ́kò kún fún àwọn àmì wínníwínní, kọ̀ǹpútà á dá wọn mọ̀, á máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí ọkàn ṣe ń lù, á fi mọ bí ògiri ọkàn ṣe ń kúrú tó lóròó nígbà tó bá súnkì. Torí pé kíkúrú ló ń kúrú ni wọ́n ṣe ń fi àmì àyọkúrò síwájú ẹ̀, nǹkan bíi -20 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáa, -12 ò dáa rárá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Àǹtí tó ti ṣe tíṣà ìṣirò rí ní irọ́ ni, -12 ló pọ̀ jù, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ẹ kàn ní kí wọ́n gbójú fo àmì yẹn jàre.

Iṣẹ́ àwọn t'Ókè-Ìlewò ńkọ́? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Sísítà kọ́kọ́ wo BP ó sì kọ ọ́ sórí èsì, ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀, torí tí BP bá ga lásìkò yẹn nọ́ńbà strain á burú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ Àǹtí láyà, wọ́n ní kó fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó wá di "ẹ mí síta mà, ẹ dá a dúró, ó ti tó, ẹ máa mí lọ." Igun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n ti ya ọkàn fún GLS, ìkan ò mọ́lẹ̀ dáadáa, ọmọ tó ń ya àwòrán náà tún un yà láìkanra. Wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n fún un láṣọ bora, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sọ́mú fún á mọ ohun tí mò ń sọ. NEPA mú iná lọ láàárín, ẹ̀rọ ò kú, ínfátà wọn gbé e. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá fi àwòrán róbótó kan hàn wá, ibi tó bá pupa ń súnkì dáadáa, ibi tó bá ṣá tàbí tó di búlúù ló ń ṣe ọ̀lẹ. Ti Àǹtí pupa yíká.

Ìgbà tá a padà lọ ni mo bínú. Wọ́n ní àwọn ṣì ń lo ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún ẹlòmíì, ká lọ sí yàrá kejì, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀. Mo ní rárá o! Nọ́ńbà ẹ̀rọ oríṣi kan lè má bá ti òmíràn dọ́gba lára ọkàn kan náà, báwo la ṣe máa wá mọ̀ bóyá Àǹtí ló yí padà ni àbí ẹ̀rọ? Sísítà ò jiyàn, a jókòó dúró. Àmọ́ tí mi ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀rọ sórí èsì, èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́.

EF ò yẹsẹ̀ ní 62, strain kúrò ní -20 ó di -19. Dókítà ní kò tíì sí ewu, ohun táwọn ń ṣọ́ ni kó má fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé tẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ní -20 bá ti ń rẹlẹ̀ ju -17 lọ, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀, kódà kí EF ṣì dáa.

Owó ẹ̀ wọ́n ju ẹ́kò lásán lọ, POS wọn ò sì ṣeé gbára lé, ẹ yáa ṣe transfer. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, kẹ́ ẹ mú flash dání kí wọ́n da fídíò ẹ̀ sí i fún yín, wọn kì í gba owó kún un.