Táàgì etí tó ń tú àṣírí àrùn BVD: ohun tí mo rí lóko màlúù

Oko màlúù oníwàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Northern Ireland. Láti 2016 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé gbogbo ọmọ màlúù tuntun gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àrùn BVD, àrùn màlúù tí fáírọ́ọ̀sì kan ń fà. Táàgì etí, àmì onínọ́ńbà tí a ń gún mọ́ etí ẹran, la fi ń ṣe é. Ọdún kẹta rèé tí èmi fúnra mi ti ń lò ó, owó tí ọ̀gá mi ń ná lé e kò ṣòfò rárá.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Mo máa ń fi orúnkún ti ọmọ náà mọ́ kọ̀rọ̀, màá wá àárín iṣan ńlá méjì tó wà létí rẹ̀, màá sì tẹ ẹ̀mú. Ó dún pàá! Táàgì ti wọlé, ẹran etí tí kò tó hóró ẹ̀wà kan ti bọ́ sínú ike kékeré, ike sì ti dé ara rẹ̀ pa. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára ike àti létí. A ó fi ike náà ránṣẹ́ sí lábù tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èsì á wọlé sórí fóònù.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, èsì ọmọ kan jáde pé ó ní i. Mi ò gbà. Irun rẹ̀ ń dán, ó sì ń fa wàrà mu kíkankíkan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ inú ọgbà ló ń wúkọ́, tí ìgbẹ́ gbuuru dá wọn gúnlẹ̀, méjì sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo abẹ́rẹ́ tí a gún wọn. Dókítà ẹran ló là mí lóye. Fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn tó jẹ́ ọmọ ogun ara. Nígbà tí wọn ò bá sí lẹ́nu ìṣọ́, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ẹran ì bá borí á wá pa á.

Kí ló dé tí ti ọmọ màlúù tí irun rẹ̀ ń dán yìí fi yàtọ̀? Inú oyún ló ti kó o, kí oyún tó pé oṣù mẹ́rin, nígbà tí ara rẹ̀ ò tíì mọ ara ẹni yàtọ̀ sí àjèjì. Ọmọ tó bá àlejò nílé kó tó gbọ́njú, mọ̀lẹ́bí ni yóò kà á sí. Kò ní bá fáírọ́ọ̀sì náà jà láéláé, yóò sì máa fi itọ́, ikun imú àti ìtọ̀ fọ́n ọn ká títí ọjọ́ ikú rẹ̀. A tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣì wà níbẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ mọ́ ní tirẹ̀. Pẹ̀lú oyún ni a ra ìyá náà. Àrùn ti kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù sára ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ọwọ́ mi ló ti ń mu wàrà, ó dùn mí wọra.

Ẹ̀sùn mi kan rèé: nígbà mìíràn ike máa ń dé lábù lófìfo, a ó tún lu etí ọmọ màlúù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Táàgì kò sì dáàbò bo ẹran. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kí akọ tó gun abo màlúù ṣì ṣe pàtàkì.

Ní báyìí, màlúù tí a bá ra pẹ̀lú oyún ń dá gbé ni, títí èsì ọmọ rẹ̀ á fi wọlé.