87 àbí 93: èwo ló ń jẹ́ kí epo pẹ́ nínú ọkọ̀ tọ́bò?

Látìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ tọ́bò, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára, ní Houston níbí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí ṣáá: epo olówó gọbọi yẹn, 93, ṣé lóòótọ́ ló ń jẹ́ kí epo pẹ́ nínú ọkọ̀, àbí àwọn ilé epo kàn ń gba owó wa lásán ni? Mo ti ṣe méjèèjì. Mo ti ra 93 sínú ọkọ̀ tí kò nílò ẹ̀, mo sì ti ra 87 sínú ọkọ̀ tí kò yẹ kó débẹ̀ rárá, ìkejì yẹn ló dùn mí wọ egungun, torí náà òun ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́mbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé 93 lágbára ju 87 lọ, bíi pé èèyàn ń fi ògógóró wé bíà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Agbára tó wà nínú gálọ́ọ̀nù kan méjèèjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Ọ́kíténì ni wọ́n ń pe nọ́mbà yẹn, sùúrù epo ló sì ń wọ̀n. Písítìnì á tẹ afẹ́fẹ́ àti epo mọ́ra wọn dáadáa kí pílọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i, epo tí kò bá ní sùúrù á ti gbiná fúnra ẹ̀ níbi tó fara pamọ́ sí kí iná pílọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Iná méjì á wá pàdé. Ìró yẹn ni wọ́n ń pè ní nọ́kì, kì í sì í ṣe nọ́kì táwọn mẹkáníìkì wa nílé ń sọ o, ìyẹn tí ẹ́ńjìnì ti kú pátápátá, àmọ́ bí èyí bá pẹ́ lára ọkọ̀, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé nọ́mbà gíga nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí epo pẹ́, ẹ wo E85, oríṣi epo ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí, lú bẹntiróòlù. Ọ́kíténì ẹ̀ ga ju 93 lọ dáadáa, síbẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa lò ó ń rìn tó 15% sí 27% dín lórí gálọ́ọ̀nù kan, torí pé ẹ̀tánọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, agbára ẹ̀tánọ́ọ̀lù ò sì tó ti bẹntiróòlù.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní London máa ń sọ pé 95 ni epo lásán lọ́dọ̀ tàwọn, pé kí ló dé tá a fi ń ra 87 ní Amẹ́ríkà. Òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀ sí tibí. RON, òṣùwọ̀n ọ́kíténì kan, nìkan ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo níbẹ̀, Amẹ́ríkà ń dá òṣùwọ̀n méjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì. 87 tibí tó bíi 91 tọ̀hún, 91 tibí sún mọ́ 95 wọn, 93 sì wà níbi 97 sí 98. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka nọ́mbà lára ìdérí tánkì tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó yá, ká wá fi wọ́n wéra. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìdérí ẹnu tánkì yín ló máa dáhùn ìbéèrè yìí, torí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: ọkọ̀ tó ní 87 tó òun, ọkọ̀ tó ní òun á fẹ́ràn 91 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ọkọ̀ tó ní 91 dandan ni.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ra 93 sínú Camry mi fún ọdún kan gbáko torí ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ó máa ń fọ inú ẹ́ńjìnì, máìlì tí mò ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù ò kúrò lójú kan. AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 2016, wọn ò rí èrè kankan níbẹ̀, wọ́n sì ṣírò ẹ̀ pé owó tó lé ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là làwọn awakọ̀ fi ṣòfò báyìí láàárín ọdún kan. Ẹ gbé owó yín sápò.

Ti ìkejì ló fa àríyànjiyàn jù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ lè ṣe é kó bá epo méjèèjì mu. Mazda tiẹ̀ kọ ọ́ síta gbangba nípa ẹ́ńjìnì 2.5 tọ́bò wọn nígbà tó kọ́kọ́ jáde: agbára ẹṣin 227 tẹ́ ẹ bá ra 87, 250 tẹ́ ẹ bá ra 93. Agbára nìyẹn o, epo ńkọ́? Lọ́dún 2017 AAA padà wá, wọ́n dán irú ọkọ̀ báyìí wò. Tá a bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ tí epo olówó gọbọi mú wá jẹ́ 2.7%. Cadillac Escalade ló jèrè jù, 7.1%, Audi A3 tiẹ̀ pàdánù 1%. Owó epo náà sì fi nǹkan bíi 20% sí 25% ju 87 lọ nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń ra 93 sínú irú ọkọ̀ yìí nítorí kí epo lè pẹ́ nìkan, owó ń jáde lápò ẹ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ.

Ìkẹta nìyí, ibi tọ́rọ̀ mi wà.

Mo ra ọkọ̀ tọ́bò kékeré kan, àlòkù, tó ń sáré bí àgbọ̀nrín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìdérí tánkì ẹ̀ pé 91 dandan ni, mo rí i, mo kà á. Àmọ́ owó ọkọ̀ ń jáde lóṣooṣù, 93 jẹ́ dọ́là 3.70 ládùúgbò mi, 87 jẹ́ 2.90, mo sì ti gbọ́ pé àwọn ọkọ̀ òde òní ní sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ nọ́kì, pé kọ̀ǹpútà á fi nǹkan sí ipò ẹ̀. Lóòótọ́ ni, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe. Tó bá ti gbọ́ nọ́kì, á dá iná pílọ́ọ̀gì dúró díẹ̀, agbára á dín kù, ooru tó ń gba ẹ̀yìn jáde á pọ̀ sí i, tó bá wá gbóná jù á tún da epo sí i kó lè fi tù ú. Èmi náà á wá tẹ ṣíróòtù síwájú sí i torí ọkọ̀ ti ń wúwo. Bẹ́ẹ̀ lepo ṣe ń lọ. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀: máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan nígbà tí mò ń ra 93, ó wálẹ̀ sí 23 nígbà tí mo bọ́ sórí 87.

Tánkì mẹ́wàá ni mo rà báyẹn, láti àárín oṣù May títí dé ìparí July, nínú ooru Houston tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn. Gálọ́ọ̀nù 13 lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé dọ́là 104 ni mo ti fi pamọ́. Ìgbà tí mo wá ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú máìlì tó dín kù, dọ́là 65 péré ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan a ń lọ sí Dallas lórí I-45, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ méjì àti ẹrù, ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. A ti ń sún mọ́ Huntsville, níbi tí ọ̀nà ti ń gun díẹ̀, mo tẹ iná mọ́ ọn láti kọjá tírélà kan, ni mo gbọ́ ọ: wọ́rọ́wọ́rọ́wọ́rọ́, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Ìyàwó mi ní “Bàbá Tèmi, kí ló ń dún yẹn?” Kí n tó dáhùn, iná ẹ́ńjìnì ti ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Mo rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Mẹkáníìkì tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí aṣọ ìnulẹ̀. Tánganran ọ̀kan ti sán. Lára òmíràn, lórí ibi funfun ẹ̀, àwọn nǹkan tóóró-tóóró kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ata gígún, tẹ́ ẹ bá gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ ó ń dán. Ó ní, “Alumíníọ̀mù nìyẹn. Ara písítìnì yín ni.” Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ó ti kámẹ́rà wẹ́wẹ́ bọnú sìlíńdà, ó wọn bó ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́, Ọlọ́run yọ wá, ẹ́ńjìnì ò tíì lọ, àmọ́ owó wíwọ́ ọkọ̀, pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì kan àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ dọ́là 640. Torí dọ́là 65.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà síbí o: lójú ẹ̀rọ epo nìkan, 87 ṣì ń dín owó kù. Sẹ́ńtì 12.6 ni máìlì kan ń ná mi pẹ̀lú ẹ̀, 14.8 ni pẹ̀lú 93. Lórí máìlì 12,000 lọ́dún, ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 263. Ìyẹn ni pé 93 jẹ́ kí epo pẹ́ nínú ọkọ̀ mi lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tó owó tí wọ́n lé e. Dọ́là 263 yẹn ni mò ń san báyìí, mi ò sì kọ̀ ọ́, torí mo mọ iye tí ẹ́ńjìnì tuntun jẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké tó kù: 89, epo tó wà láàárín méjèèjì, ò wúlò fún ọ̀pọ̀ wa, ó ju ohun tí Camry nílò lọ, kò sì tó ọkọ̀ tó ní 91 dandan. Ti fífọ inú ẹ́ńjìnì, àmì Top Tier, tó ń fi hàn pé nǹkan tó ń fọ ẹ́ńjìnì pọ̀ tó nínú epo wọn, ni kẹ́ ẹ wá lára ilé epo, gbogbo epo wọn ló kàn, títí dé 87, ẹ ò nílò 93 fún ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọn epo yín fúnra yín, ẹ má gba ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá sọ gbọ́, ẹ kún tánkì títí ẹ̀rọ á fi já, ẹ rìn, ẹ tún un kún lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ pín máìlì sí gálọ́ọ̀nù, ẹ ṣe é fún ó kéré tán tánkì mẹ́ta torí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó mọ̀ pé epo ti yàtọ̀.

Nítorí náà, ọkọ̀ 87, ẹ ra 87. Ọkọ̀ tó ní òun á fẹ́ràn 91, ọwọ́ yín ló wà, ẹni tó ń rọra wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lásìkò òtútù lè ra 87 láìsí ìyọnu, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbé níbi ooru mú bíi tiwa, tẹ́ ẹ ń kó ẹbí àti ẹrù rìnnà jíjìn, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn tọ́bò yẹn, èmi ò ní fi 87 sí i. Ọkọ̀ tó ní dandan, kò sí ohun tá a fẹ́ fi wéra mọ́ níbẹ̀. Tí ọwọ́ ò bá ká owó 93, ẹ ra ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ tó dáa tó ń mu 87 pọ̀ lọ jàra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi ọkọ̀ dandan ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ epo kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ ilé epo ń tà, ẹ rò ó dáadáa.

Àti pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ tọ́bò yìí lálòkù, ẹ ṣí ìdérí tánkì wò lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ wá bi í pé èwo ló ń rà. Ẹ ní kó mú rísíìtì epo ẹ̀ jáde tó bá ní. Tó bá ti ń wò yín lójú láìdáhùn, ẹ san owó mẹkáníìkì kan kó tú pílọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn, kẹ́ ẹ wo tánganran ẹ̀ bóyá nǹkan kan ń dán lára ẹ̀.