Pọ́ńdù tapólì fún ẹni tó ń gbowó oṣù: ẹ wo omi kí ẹ tó sanwó

Pọ́ńdù ọ̀sìn ẹja tí à ń yẹ̀ wò yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó fẹ̀ ní 6, ó sì ga ní 4. Tapólì ni wọ́n fi ṣe é, irin tàbí páìpù ni férémù tó gbé e dúró. Àwọn tó ń tà á máa ń pe àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báǹkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba sí i pé iṣẹ́ àbọ̀ṣe rèé, ẹ ó máa ṣe é lẹ́yìnkùlé, ẹ ò sì ní fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pọ́ńdù nìkan ni wọ́n ń tà fún yín. Omi àti oúnjẹ ẹja ló máa sọ bóyá èrè á wà. Ẹni tó ní kànga ẹ̀rọ, tàbí kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó rà á. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ òfin ló yẹ kó ṣáájú, torí ó ń kọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lóminú. Àfikún Karùn-ún nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ láti máa ṣòwò tàbí kó máa bójú tó iléeṣẹ́ aládàáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó ní kó má ṣe é. Nínú gbogbo iṣẹ́ àbọ̀ṣe tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè dáwọ́ lé, àǹfààní ńlá nìyí fún ọ̀sìn. Ti iléeṣẹ́ aládàáni yàtọ̀: ẹ tún lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ kà dáadáa, torí àwọn kan kọ iṣẹ́ mìíràn pátápátá.

Ẹja àrọ̀ ló bá pọ́ńdù yìí mu, ó sì bá òṣìṣẹ́ náà mu. Bó bá ti tó ọwọ́ mú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń jẹun: àárọ̀ kí oòrùn tó mú, àti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń jáde nílé ní agogo 5 àárọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè fún un lóúnjẹ nígbà tó bá dé lálẹ́, torí àrọ̀ máa ń jẹun dáadáa lóru. Yàtọ̀ sí èyí, àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí atẹ́gùn òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ẹnu síta lójú omi. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dúró láti àárọ̀ títí tí ẹ fi dé láti ibi iṣẹ́, kò ní torí ẹ̀ kú bí ẹja epìyà ṣe lè kú. Ohun tó ń pa àrọ̀ inú tapólì ni ìdọ̀tí: amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ara rẹ̀ jáde, àti èyí tó ń wá láti inú oúnjẹ tó jẹrà nísàlẹ̀.

Ká wá wo ọjà náà fúnra rẹ̀. Tapólì tó yẹ ni èyí tó wúwo, tí wọ́n fi rọ́bà PVC bò tojú-tẹ̀yìn, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dín ní gíráàmù 600 ní mítà kan níbùú lóòró. Èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń bo ọjà kì í ṣe fún omi, bó ti wù kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n tó. Ẹ yí i wò níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀: èyí tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ ló dára. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán yóò jò lójú abẹ́rẹ́, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè dí gbogbo rẹ̀.

Omi ẹsẹ̀ bàtà 3 nínú pọ́ńdù yìí tó nǹkan bíi líítà 5,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 5 tó ń ti ara rẹ̀ síta. Férémù tí kò ní òpó láàárín ìhà ẹsẹ̀ bàtà 10 yóò yọ ikùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ béèrè fún òpó 2 ó kéré tán ní ìhà kọ̀ọ̀kan tó gùn, àti irin tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn. Férémù onípákó dùn-ún rà, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ibi tí omi ti ń jò gan-an ni ibi tí páìpù ìdàsílẹ̀ gbà jáde. Ẹ bójú tó ẹni tó ń so ó. Ihò tó máa gé gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ ju páìpù lọ, kí tapólì lè di páìpù mú. Rọ́bà ìdímú gbọ́dọ̀ wà nínú àti níta. Kó fi ọwọ́ dé nọ́ọ̀tì títí tí kò fi ní lọ mọ́, kó wá fi sípánà yí i díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi agbára dé e yóò ká rọ́bà náà jọ, ibi tó ká jọ yẹn ni omi máa gbà. Páìpù íǹṣì 3 sàn ju íǹṣì 2 lọ, torí ìgbẹ́ ẹja kì í tètè dí i. Ẹ fi fáàfù onítítì sí ẹnu rẹ̀ níta. Àwọn kan máa ń gbé páìpù náà nàró lásán. Ìgbà tí ewúrẹ́ bá fara gbún un tó dojú bolẹ̀, gbogbo omi ti lọ kí ẹ tó ti ọ́fíìsì dé.

Ilẹ̀ tí ẹ máa gbé e kà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó sì rọra tẹ̀ sí ọ̀nà páìpù. Ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ da iyanrìn sí i tó íǹṣì 2 tàbí 3. Abẹ́ ibòòji dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́ igi tó ń rẹwé. Kí ẹja tó wọ inú rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 3, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òórùn tapólì tuntun lè lọ. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kóláríìnì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, nínú: ó gbọ́dọ̀ wà ní gbangba fún wákàtí 24 kí ẹja tó dé inú rẹ̀.

Àwọn tó ń tà á máa ń ní ó gba ẹja 500, àwọn mìíràn ń sọ 1,000. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 250 la fara mọ́, ìyẹn líítà 20 fún ẹja kan. Ẹja 500 ń fẹ́ omi tuntun lójoojúmọ́ tó bá dàgbà, òṣìṣẹ́ kò sì lè rí i ṣe. Pẹ̀lú 250, ẹ lè máa pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kejì àti ìkẹta, ká ní ọjọ́rú lálẹ́ àti àbámẹ́ta. Láti oṣù kẹrin, ọjọ́ méjì-méjì. Ẹ máa fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má gbẹ ẹ tán. Kí ẹ lè mọ iye àkókò tí èyí máa gbà, ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì líítà 20 sábẹ́ ẹ̀rọ yín: bó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, líítà 2,400 ló ń wá ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ líítà 3,500 lẹ fẹ́ pààrọ̀, á gba wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí náà, torí NEPA kò mọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ omi.

Ẹ ra ọmọ ẹja tó ti tó gíráàmù 10, tí àwọn olọ́sìn ń pè ní júfínáìlì. Èyí tó kéré jù ú lọ dọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kú púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nílé lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá dé, ẹ máa bu omi pọ́ńdù díẹ̀díẹ̀ sínú gálọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé wọn wá fún bíi ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀. Kò sí oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí owó oṣù ti ń mì ni oúnjẹ. Ẹja 250 tó máa wọn kílò kan kọ̀ọ̀kan á jẹ nǹkan bíi kílò 275, ìyẹn àpò 18 tó jẹ́ kílò 15-15, bí oúnjẹ náà bá dára tí kò sì ṣòfò. Oúnjẹ náà kì í pín dọ́gba sí oṣù rárá. Ní oṣù àkọ́kọ́, àpò 1. Oṣù kejì, 2 ààbọ̀. Oṣù kẹta, bíi 4 ààbọ̀. Nǹkan bíi àpò 10 tó kù, oṣù kan ààbọ̀ tó kẹ́yìn ló máa jẹ ẹ́. Ẹni tó rí àpò 1 lóṣù àkọ́kọ́ tó rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí dé òpin máa ń dé oṣù kẹrin kó di pé ó ń yáwó, tàbí kó máa fún ẹja ní àbọ̀ oúnjẹ, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ẹ máa ya owó àpò 4 sọ́tọ̀ nínú owó oṣù kọ̀ọ̀kan láti oṣù àkọ́kọ́, bí ẹja kò tilẹ̀ tíì jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ibí gan-an ni iṣẹ́ oṣù ti wúlò fún iṣẹ́ àbọ̀ṣe: owó tó ń wọlé láìyẹ̀ ló ń bọ́ ẹja tí kò tíì mówó wá.

Kí ẹ tó ra ọmọ ẹja rárá, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ pín owó àpò kan sí ọ̀nà 15, ẹ fi 1.1 sọ ọ́ di púpọ̀. Owó oúnjẹ tó wà nínú ẹja kílò kan nìyẹn. Bó bá ju ìdá 7 nínú 10 iye tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń ra kílò kan lójú pọ́ńdù ládùúgbò yín lọ, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdá 3 tó kù ló máa san owó ọmọ ẹja, epo, oògùn àti ẹja tó kú, tí èrè á tún jáde nínú rẹ̀.

Mílímítà 2 ni oúnjẹ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, kó lọ sí 3, 4, títí dé 6 bí ẹnu wọn ṣe ń fẹ̀. Ẹ lo èyí tó ń léfòó. Èyí tó ń rì dọ́pọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n nínú tapólì ẹ kò ní rí èyí tí wọn kò jẹ, yóò sì jẹrà sínú omi. Ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n bá dẹ́kun fífò sí i. Àrọ̀ tó bá jẹ àjẹjù, inú rẹ̀ lè bẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú tí òjò fẹ́ rọ̀, ẹ dín in kù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ ṣa àwọn tó yára dàgbà sọ́tọ̀, pàápàá ní oṣù méjì àkọ́kọ́, torí wọ́n ń gbé àwọn kékeré mì. Èyí túmọ̀ sí pé pọ́ńdù kan kò tó. Ẹ ní táǹkì rọ́bà líítà 1,000 kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ta pọ́ńdù kì í sọ èyí. Àwọ̀n ìbòjú náà kò sí nínú owó tí wọ́n ń pè, bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ òjò àrọ̀ máa ń fò jáde, wọ́n á sì rìn lórí ilẹ̀ jìnnà.

Bí ẹ bá dé tí ẹ rí i pé wọ́n dúró gbọọrọ, tí wọ́n gbé orí sókè, tí wọn kò jẹun, tí omi ń rùn tó sì ń hó bí ọṣẹ, ẹ má wá oògùn kiri. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ da ìdajì omi nù, ẹ fi tuntun sí i, ẹ fi iyọ̀ kílò 1 sí líítà 1,000. Àwa kò gbà pé kí olùbẹ̀rẹ̀ máa da oògùn apakòkòrò tí èèyàn ń lò sínú omi. Omi tí ẹ dà nù, ẹ darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ebè ewédú. Bó bá ṣàn dé ojú gọ́tà aládùúgbò, ìjà ni.

Kọ́ńkéré máa ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ayálégbé kò lè gbé e lọ. Tapólì, ẹ ó tú u, ẹ ó ká a, ẹ ó gbé e sínú ọkọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú rìnrìn àjò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àfi kó ní ẹnìkan nílé tó lè pààrọ̀ omi, kì í ṣe ẹni tó kàn ń da oúnjẹ sí i.

Ẹni tó ní owó oṣù kì í tà nítorí ebi. Bí owó tí wọ́n dá bá kéré jù, ó lè dúró. Kó má dúró pẹ́ ṣá, torí 250 tó ti dàgbà ń jẹ bíi kílò 4 lójúmọ́, àpò méjì lọ́sẹ̀ nìyẹn. Yíyan wọn gbẹ sàn jù: kílò 3 sí 4 tútù máa ń fún yín ní kílò 1 gbígbẹ, àwọn alábàáṣiṣẹ́ yín á sì rà á ju èyí tó ń jà nínú ọ̀rá lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni kí ẹ tà á, ẹ má gbé e wọ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá ń bọ̀, ẹ gbé síkéèlì tiyín jáde.

Iṣẹ́ yìí tún ń kọ́ èèyàn ní ìwé kíkọ. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ oúnjẹ, ẹja tó kú àti ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ omi sí, kí ẹ sì máa wọn ẹja 10 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹni tó bá lè ṣe èyí fún oṣù márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ mọ̀ bóyá òun lè bójú tó òwò tó ju èyí lọ, owó tó sì fi mọ̀ ọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn kan ń kó lé òwò tí wọn kò ṣe rí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ san ìdajì nígbà tí wọ́n bá gbé e dé. Kí wọ́n tò ó, kí wọ́n so páìpù, kí ẹ pọn omi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí i lójú wọn. Ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé, ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì lákòókò kan náà, kí ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ kan abẹ́ nọ́ọ̀tì páìpù. Bí omi kò bá sọ̀ kalẹ̀ tí ọwọ́ yín kò sì rin, ẹ san ìyókù.