Àpótí Ìdánwò Ìwúkàrà: Ó Ń Ṣiṣẹ́, Ìwé Ìlànà Rẹ̀ Ló Kù Díẹ̀ Káàtó

Ohun tó wà nínú àpótí yìí kò ju ìgò 250 ml kan, ìdérí rọ́bà tí wọ́n lu ihò sí, ọpá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ife kékeré fún omi láìmù (omi tí kábọ́nì dáyọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú jáde, máa ń sọ di funfun), glúkóòsì 50 g àti ìwúkàrà gbígbẹ àpò 7 g mẹ́ta lọ. Kíláàsì tó fẹ́ fojú rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rí agbára lára ṣúgà láìsí ọ́síjìn ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ se omi kó hó, kí ọ́síjìn inú rẹ̀ lè bá ooru lọ, kó wá tutù wálẹ̀ sí nǹkan bí 38°C. Ẹ po glúkóòsì 10 g mọ́ 150 ml omi náà, ẹ da ìwúkàrà àpò kan sí i, ẹ fi òróró fẹ́lẹ́ bò ó lójú, ẹ dé e, kí ẹ sì ki ẹnu ọpá bọ inú omi láìmù. Láìpẹ́, ìhó afẹ́fẹ́ á máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi láìmù á sì funfun bí ìgbà tí wọ́n po ẹfun sómi. Ẹ yọ ọpá náà nígbà yẹn. Tí kábọ́nì dáyọ́sáìdì bá pọ̀ jù, funfun náà á tún parẹ́, wọ́n á ní ìdánwò ti bàjẹ́.

Glúkóòsì 10 g lè mú afẹ́fẹ́ bíi lítà 2.7 wá tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló yí padà. Nítorí náà, bí ìfófòó bá kún ìgò tí ìhó kò sì yọ nínú ife, ìdérí ló ń jò. Ìpara díẹ̀ yí i ká á dí i. Bí ìfófòó gan-an kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí omi ti pa ìwúkàrà: kò níí yè é ní 60°C. "Omi gbígbóná" lásán ni ìwé ìlànà kọ, kò sì sí tẹmómítà nínú àpótí. Àléébù ńlá nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni pé ìwé náà ní ọtí ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe kó lè rí agbára. Rárá o. Ibi tí glúkóòsì ti là sí méjì, tí ìdajì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ pírúféètì, ni èrè wà: sẹ́ẹ̀lì ná ATP (èròjà tó ń fi agbára pamọ́ sí) 2, ó gba 4, ó jèrè 2 péré. Ṣùgbọ́n NAD, èròjà alárù inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gbé háídírójìn tó jáde níbẹ̀, bí kò bá sì rí ibi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ dúró. Ìwúkàrà yọ kábọ́nì dáyọ́sáìdì kúrò lára pírúféètì, ó di ẹrù náà lé èyí tó kù, ìyẹn ló di ọtí. Iṣan ara ní tiẹ̀ di ẹrù lé pírúféètì fúnra rẹ̀. Lákítéètì ló ń dà, afẹ́fẹ́ kankan kì í yọ.

Òróró yẹn, tó ń dí ọ́síjìn lọ́nà, náà kò fi hàn pé àìsí ọ́síjìn ló mú kí ìwúkàrà ṣe ọtí, bí wọ́n ṣe ní ó ń fi hàn. Bí ṣúgà bá pọ̀, ìwúkàrà máa ń ṣe ọtí bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà, torí náà ìgò tí kò ní òróró á hó bákan náà. Ìgò tí kò ní ṣúgà àti èyí tí wọ́n se ìwúkàrà rẹ̀ pa ló yẹ kí wọ́n fi ṣe àfiwé. Àpò ìwúkàrà mẹ́ta, ìgò kan ṣoṣo: ta ló ṣe ìṣirò yẹn?

Ẹni tó bá ní tẹmómítà àti ìgò méjì sí i lè rà á. Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ má ṣe dé ìgò náà pa. Afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde, ó lè fọ́ ọ.